Igba Ojú Ní Í Wo Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Ìyá Tí Ń Ṣiṣẹ́ Ọnà ní Bajulaiye

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi òwe yìí kí ìyá ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n àwọn tí ó máa ń dúró ronú lórí apá kejì rẹ̀ kò pọ̀. Ìlérí ni àwùjọ ṣe fún ìyá nínú òwe náà: pé kò ní í dá ọmọ wò. Bí ìlérí yìí bá yẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni ìyá yóò fi máa ṣe iṣẹ́ igba ojú, ojú kan náà ni yóò sì tún fi máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, pàápàá bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà, èyí tí ó ń fẹ́ ìrònú àti ọkàn tí ó pa rọ́rọ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó tí kò mọ Ṣómólú. Ní òpópónà Bajulaiye àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí i ká títí dé Bàrígà, iṣẹ́ ìwé jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ. Ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé rìsíìtì, ìwé ìléwọ́ àti ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ti Ṣómólú jáde lọ sí gbogbo ìlú. Akọ́ká, níbi tí Yunifásítì ti Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 wà, kò jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá mú ìwé ètò ìnáwó lọ́wọ́, tí ó ń wo òdòdó tí a yà sí etí rẹ̀, kì í sábà bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ó ya òdòdó náà, àti pé agogo mélòó ni ó yà á.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní àdúgbò yìí. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àpẹẹrẹ ni. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí: àkọ́bí rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èkejì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbíkẹ́yìn sì ń mu ọmú lọ́wọ́. Ní àdúgbò, díẹ̀ ni ó mọ orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní ìyá lágbájá. Òun ni ó ń ya àwòrán tí ó sì ń to ọ̀rọ̀ sí ojú káàdì àti èèpo ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Òun kan náà ni ó ń ká bébà tí a ti tẹ̀, tí ó ń tò ó léra, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Kí agogo márùn-ún àárọ̀ tó lù ni ó ti jí. Ó pọn omi, ó gbé oúnjẹ ka iná, ó wẹ ọmọ, ó wá ìbọ̀sẹ̀ tí ó sọnù, ó sì fún àbíkẹ́yìn ní ọmú. Ní agogo mẹ́jọ ó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ kan òdòdó tí ó fẹ́ yà sí etí káàdì ìgbéyàwó kan ni oníbàárà wọlé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé káàdì wa ti jáde?”

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wá ní ọ̀la.”

“Ẹ bá wa fi ojú sí i o, mà. Sátidé ni ìnáwó.”

Oníbàárà lọ, ọmọ jí. Ọmọ sùn padà, iná mànàmáná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ wá béèrè bí òun yóò ti ká bébà. Agogo méjì lù, ọmọ kejì ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ebi ń pa á. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìyá yìí ti ká bébà 600, ó ti lẹ ìwé rìsíìtì 20, ó sì ti se oúnjẹ alẹ́, ṣùgbọ́n òdòdó etí káàdì ṣì wà níbi tí ó wà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bojú wo kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, láti àárọ̀ ni o ti wà lórí káàdì kan ṣoṣo yìí?” Aya rẹ̀ ní, “Ẹ káàbọ̀,” ó sì gbé oúnjẹ fún un. Agogo mọ́kànlá òru, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sùn, ni ó tó ya òdòdó náà.

Ìbéèrè ọkọ náà kì í ṣe ti ẹni burúkú. Ó rí iṣẹ́ kan tí kò tí ì parí, ó sì rò pé ọwọ́ aya òun ni kò yá. Ohun tí kò rí ni pé oríṣi àkókò méjì ni ó wà. Èkínní ni àkókò wẹ́wẹ́, èyí tí ènìyàn lè dá dúró nígbàkigbà kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láìsí òfò. Kíká bébà, pípa ẹ̀gúsí àti gígún aṣọ ń bẹ lára iṣẹ́ tí a lè fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ ṣe. Èkejì ni odidi àkókò. Ẹni tí ń ya àwòrán, tí ń kọ ìtàn, tí ń ronú àrà aṣọ tuntun, tàbí olùkọ́ tí ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀, ní láti kọ́kọ́ kó ọkàn rẹ̀ jọ kí ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́. Bí a bá pè é, ọkàn tí ó kó jọ tú ká, ó sì di ìgbà tí ó bá tún kó o jọ. Bí a bá gé aṣọ ọ̀pá márùn-ún sí àjákù wẹ́wẹ́, gígùn aṣọ náà kò dín, ṣùgbọ́n kò ṣeé dá agbádá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí mẹ́fà tí a gé sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ṣe rí fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọnà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Judith Brown ṣe àlàyé kan nípa bí a ti ń pín iṣẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin káàkiri ayé. Ó ní iṣẹ́ tí ó máa ń bọ́ sí ọwọ́ obìnrin ni èyí tí ó bá ìtọ́jú ọmọ mu: iṣẹ́ tí kò jìnnà sí ilé, tí kò léwu fún ọmọ, tí a sì lè dá dúró kí a tún bẹ̀rẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé àlàyé náà bá a mu. Inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òfì ìdúró tí àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá máa ń wà, nígbà tí òfì àwọn ọkùnrin, tí ń hun aṣọ tóóró gígùn, máa ń gba ìta gbangba. Ẹni tí ń di àdìrẹ oníko lè fi ìko sílẹ̀ kí ó gbé ọmọ tí ń sunkún, kí ó sì padà bá ìdì náà bí ó ti fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọnà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, gba kí obìnrin ní odidi aṣọ náà lọ́kàn. Àwọn ọnà bí Ìbàdàndùn àti Olókun kún fún àwòrán oríṣiríṣi tí ó gbọ́dọ̀ bá ara wọn jókòó. Báwo ni àwọn ìyá tí ó bímọ lé ọmọ ṣe rí àyè ya irú ọnà bẹ́ẹ̀? Agbo ilé ni ìdáhùn. Ìyá ọkọ wà nílé, orogún àti ìyàwó ilé wà, àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ wà. Wọ́n tún máa ń pín iṣẹ́: aládìrẹ ṣe ọnà, aláró pa á láró, kì í sì í ṣe ẹnì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ọgbọ́n obìnrin nìkan kọ́ ni ó bí àwọn aṣọ tí a ń yìn lónìí; igba ojú tí ó bá a wo ọmọ wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ní Èkó, agbo ilé ti fọ́nká. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé yàrá kan tàbí méjì nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Ìyá àgbà wà ní ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ tí ó ti ń dàgbà, tí ì bá máa gbé àbúrò pọ̀n, wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ibẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí wọ́n wà. Ọkọ jáde ní ìdájí nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, ó sì wọlé ní alẹ́. Igba ojú ti dín kù, iṣẹ́ kò dín kù.

Kò pọn dandan kí a jìnnà sí Ṣómólú kí a tó rí ẹ̀rí ohun tí èyí lè ná ènìyàn. Ní Yábàá, tí ó múlé gbe Ṣómólú, ni a ti bí Buchi Emecheta ní ọdún 1944, ọmọ Ìbò tí òbí rẹ̀ wá láti Ibusa. Methodist Girls' High School ní Èkó ni ó lọ. Ó lọ sí ilé ọkọ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 23 ó ti bí ọmọ márùn-ún. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ń kọ ìtàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe dáná sun ìwé àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó fi ọkọ náà sílẹ̀, ó sì ń dá tọ́ àwọn ọmọ márààrún.

Ìdájí ni Emecheta máa ń jí láti kọ̀wé, kí àwọn ọmọ tó jí. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde, In the Ditch, jáde ní ọdún 1972, ọdún kan náà tí ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Second-Class Citizen tẹ̀lé e ní ọdún 1974. Ìwé tí a sun níná, The Bride Price, ni ó tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì jáde títí di ọdún 1976. Ní ọdún 1979 ni The Joys of Motherhood jáde, èyí tí ó fi ìyà àti ìretí ìyá kan ní Èkó hàn. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2017, gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ rẹ̀.

Ìtàn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé bí ẹni tí ó ní ọmọ márùn-ún bá lè ṣe é, kí ni ẹlòmíràn ń wí? Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi akíkanjú kan ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ènìyàn. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ ni ni pé ìyá náà kò rí odidi àkókò níbòmíràn àfi kí ó gbà á lọ́wọ́ oorun ara rẹ̀, bí ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ní Bajulaiye ti ṣe gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi oorun san gbèsè iṣẹ́, ara rẹ̀ ni yóò san án nígbẹ̀yìn. A rí ìwé àwọn tí ó lè san án kà. Ti àwọn tí kò lè san án kò sí lórí pẹpẹ, a kò sì mọ ohun tí a pàdánù.

Òfin ha ran irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bí? Ó ran àwọn kan. Láti ọdún 1919 ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ti ṣe àdéhùn pé kí obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, kí ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú sì ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 1974, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, ó sì ní kí owó oṣù tí a ó san fún un ní ìgbà ìsinmi náà má dín sí ìdajì bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan láìfún un ní omi tàbí oúnjẹ mìíràn. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ní ọjọ́ 10. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fún àwọn bàbá tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 14.

Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aránṣọ, onídìrí, aláró, àti ìyá tí ń ya káàdì ní ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò kọ̀wé ìsinmi sí. Òun ni ọ̀gá, òun ni òṣìṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, oníbàárà yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yìn ín: kí a lọ mú ọmọbìnrin kékeré kan láti ìgbèríko wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. A gba ìnira kúrò lọ́rùn ìyá, a gbé e lé orí ọmọ ẹlòmíràn tí ó yẹ kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2007, lòdì sí fífi ọmọdé ṣe iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bí òfin kò tilẹ̀ sí, ojú àánú yẹ kí ó rí i pé ọmọdé náà kò tó igba ojú. Òun gan-an ni ó yẹ kí igba ojú máa wò.

Kí ni ó wá kù? Nínú àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Àwọn àgbẹ̀ mọ àáró: bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, wọ́n á jọ kó ara wọn lọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn ní ọ̀la, títí yóò fi kárí. Àwọn oníṣòwò mọ èésú: olúkúlùkù ń dá owó díẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan sì ń kó odidi rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí èésú ń ṣe sí owó ni ìyá ń fẹ́ kí a ṣe sí àkókò, kí wẹ́wẹ́ di odidi. Bí ìyá márùn-ún nínú ilé kan ní Bajulaiye bá pinnu láti máa jọ tọ́jú ọmọ ní ọ̀sán, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ìyá kọ̀ọ̀kan yóò fi ọ̀sán kan sílẹ̀, yóò sì gba ọ̀sán mẹ́rin. Bí àgbà obìnrin kan bá wà nínú ilé tí ó lè jókòó tì wọ́n, tí wọ́n sì ń fún un ní nǹkan, ọkàn yóò tún balẹ̀ sí i.

Nínú ilé, ọkọ ni ojú kejì. Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ obìnrin ni ìtọ́jú ọmọ, pé kì í ṣe àṣà wa kí ọkùnrin máa dáná. Ṣùgbọ́n ta ni ń se oúnjẹ fún àgbẹ̀ tí ó sùn sí oko àti fún ọdẹ tí ó wà ní igbó? Ta ni ó sì wà nílé ní ìgbà tí àwọn alájàpá obìnrin ń ti ìlú kan dé òmíràn? Obìnrin Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àlejò nínú àṣà wa, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí ó mọ ìdí ààrò kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Ohun kan ṣe pàtàkì nípa ìrànlọ́wọ́ ọkọ. Ìrànlọ́wọ́ tí ìyàwó ní láti bẹ̀bẹ̀ fún lójoojúmọ́ kò yàtọ̀ sí ìdíwọ́. Bí ọkọ bá gbé ọmọ, ṣùgbọ́n tí ó ń béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún pé níbo ni aṣọ rẹ̀ wà, kí ni yóò jẹ, kí ni a ń ṣe bí ó bá sunkún, ọmọ ti kúrò lọ́wọ́ ìyá, kò tí ì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èyí tí ó sàn ni kí wọ́n jọ tò ó sílẹ̀: bí àpẹẹrẹ, láti agogo méje sí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bàbá ni ó ni ọmọ, òun ni yóò sì mọ ohun gbogbo tí ó bá ọmọ. Kí àkọ́bí, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, mọ̀ pé òun ni yóò fọ abọ́. Kí oníbàárà náà mọ àkókò tí a kì í wọlé.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dá ṣe, ìyá rẹ̀ ni a fún. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ rí òbí, kí ó máa ránṣẹ́ sí bàbá bí ó ti ń ránṣẹ́ sí ìyá. Bí a bá sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé, kí a má ṣe lé àwọn ọmọkùnrin lọ gbá bọ́ọ̀lù, nítorí àwọn ni ọkọ ọ̀la.

Nígbà náà ni ìyá tí ń ya káàdì ní Bajulaiye yóò lè ya òdòdó rẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó sì sùn ní òru. Kò béèrè pé kí a gba ọmọ lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè pé kí a máa yìn òun fún àìsùn. Ìlérí tí òwe ti ṣe fún un ṣáájú kí a tó bí i ni ó ń fẹ́ kí a mú ṣẹ. Ojú kan ti bí ọmọ. Kí àwọn ojú yòókù wá ṣe tiwọn.